ỌKÙNRIN TÓ DÚRÓ NÍLÉ

 

Fíìmù kan wà tí wọ́n máa ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ní gbogbo àsìkò Kérésìmesì. It's a Wonderful Life ni orúkọ rẹ̀. Fíìmù ìdílé ni. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹkún náà wà níbẹ̀. A fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, torí ó kan ọ̀pọ̀ bàbá tó ti lé ní ogójì ọdún, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, tí ọkàn wọn sì ti rẹ̀ kó tó di àárọ̀ Monday.

Ìtàn kúkúrú ni wọ́n fi ṣe é. Philip Van Doren Stern ló kọ ọ́, kò sì rí ẹni tó máa bá a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1943, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ 200, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ bíi káàdì Kérésìmesì. Iléeṣẹ́ fíìmù RKO rà á ní 10,000 dọ́là, ìgbà tó yá ó bọ́ sọ́wọ́ Frank Capra, ọmọ Sicily tí àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Amẹ́ríkà ní 1903. James Stewart ló ṣe olórí eré. Ojú ogun ni Stewart ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ òfurufú tó ń ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Jámánì. Bí ẹ bá rí i tó ń sunkún tó ń gbàdúrà nínú fíìmù yẹn, ẹ óò mọ̀ pé ẹkún náà kì í ṣe eré lásán.

George Bailey ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Láti kékeré ló ti fẹ́ kúrò ní Bedford Falls, ìlú rẹ̀, kó rí ayé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ gbéra, nǹkan á ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ó ní láti dúró ti iléeṣẹ́ kékeré tí bàbá fi ń yá mẹ̀kúnnù lówó kọ́lé. Owó tó fẹ́ fi lọ sílé ìwé, àbúrò rẹ̀ Harry ló fi lọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àwọn èèyàn sáré wá gba owó wọn. Owó tí òun àti ìyàwó fẹ́ fi rìnrìn-àjò ni wọ́n pín fún wọn. Harry lọ sógun, ó di akọni. Etí George kan kò gbọ́ràn, torí náà ilé ló wà.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, 8,000 dọ́là iléeṣẹ́ náà sọnù. Potter, olówó ìlú tí kò láàánú, ló rí i, ó sì gbé e pamọ́. George délé, ó jágbe mọ́ àwọn ọmọ, ó ta nǹkan dànù. Ó lọ sílé ọtí, ó gbàdúrà. Kò pẹ́ tó parí àdúrà ni ẹnì kan lu ẹ̀ṣẹ́ fún un! Ibẹ̀ ló ti gba orí afárá lọ láti pa ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni George ń wò.

Ẹ gbọ́ o. Nínú Lúùkù 15, ọmọ tó lọ sọ́nà jíjìn la máa ń wàásù nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó dúró nílé ńkọ́? Òun ló ṣiṣẹ́, òun ló gbọ́ràn, òun náà ló sì dúró síta pẹ̀lú ìbínú. George nìyẹn. Ó wà nínú ìjọ wa náà: bàbá tó rán àbúrò mẹ́ta nílé ìwé, àwọn àbúrò wà ní London àti Kánádà, òun ló ń gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Ta ló ti kí i kú iṣẹ́?

Nínú fíìmù náà, Ọlọ́run rán áńgẹ́lì kan, Clarence. (Wọ́n ní èèyàn ni tẹ́lẹ̀, pé ó ń wá ìyẹ́. Ẹ má gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Hébérù 1 kò sọ bẹ́ẹ̀.) Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó dá. Kò di George mú. Òun fúnra rẹ̀ kó sódò, George sì gbàgbé ikú ara rẹ̀, ó bẹ́ sínú omi láti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìlú hàn án bí ì bá ṣe rí ká ní wọn kò bí i: Harry ti kú ní kékeré, torí kò sẹ́ni tó fà á yọ nínú omi dídì.

Ibi tó wọ̀ wá lára jù ni ti Potter. Títí fíìmù fi parí, kò sẹ́ni tó mú un. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná kò jó o. George náà kò sì rìnrìn-àjò tó ń lálàá rẹ̀. Síbẹ̀ ilé náà tún ṣe! George sáré wọlé, ó dì mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń da owó sórí tábìlì. Mary ìyàwó rẹ̀ ló ti lọ sọ fún wọn. Nígbà tí ọkọ ń fi ìtìjú rẹ̀ pamọ́, ìyàwó ti sọ ọ́ síta. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: a ti gbàdúrà kí ọ̀tá ṣubú títí, a gbàgbé láti wọlé ká bá ìyàwó wa sọ̀rọ̀. Potter lè máa wà níbẹ̀ o, kí ilé rẹ sì rójú.

Ìtàn fíìmù náà fúnra rẹ̀ jọ ti George. Ní 20 December 1946 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní New York. Kò pa owó tí wọ́n ná lé e; RKO kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn pàdánù ju 500,000 dọ́là lọ. Ní 1974, wọn kò tún ẹ̀tọ́ oní-nǹkan lórí rẹ̀ ṣe, làwọn ilé tẹlifíṣọ̀n bá ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ìdílé ti mọ̀ ọ́n. Ní 1990, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn fíìmù tí kò gbọdọ̀ parun. Ohun tí ìwé ìṣirò pè ní àdánù ní 1946 nìyẹn.

Bàbá tó ń ka èyí, má dá nìkan jókòó sórí afárá. Bí ọkàn ikú bá ń wá, sọ fún ìyàwó rẹ, sọ fún dókítà, wá bá wa. Ẹnu ọ̀nà wa ṣí sílẹ̀. Lálẹ́ òní, pe ọmọ tí o jágbe mọ́, kí o sì sọ pé, "Má bínú." Kò ní dín iyì rẹ kù.

Olúwa á tún ilé wa tò. Ọdún tó lọ kò ní jẹ́ àdánù fún wa lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe Àmín tó dún, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí bàbá kan.