Nick Hornby

Nick Hornby jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ àti eré sinimá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Redhill ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1957. Ó kàwé ní Yunifásítì Cambridge, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kó tó gbájú mọ́ ìwé kíkọ. Ìwé rẹ̀, Fever Pitch (1992), ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal ló fi ń ka ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ìwé náà. Ìtàn àròsọ rẹ̀ méjì, High Fidelity (1995) àti About a Boy (1998), ti di sinimá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar: fún sinimá An Education (2009) àti sinimá Brooklyn (2015), tó kọ láti inú ìwé Colm Tóibín.