Bí Ojú-Ewé Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Di Ẹrù Wíwúwo
Nígbà tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì lẹ́bàá Geneva, ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún aráyé ní 1991, ọ̀rọ̀ àti líǹkì ni ó wà nínú rẹ̀, pípé ni sáfà, kọ̀ǹpútà tí ojú-ewé ń gbé, sì ń fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Brendan Eich fi ṣẹ̀dá JavaScript, èdè kóòdù tí ń ṣiṣẹ́ nínú ojú-ewé, ní iléeṣẹ́ Netscape ní 1995; ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́, nítorí lẹ́yìn tí Facebook fi React, irinṣẹ́ JavaScript, síta ní 2013, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ojú-ewé ń fi ìkòkò òfìfo, ojú-ewé tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ránṣẹ́, pé kí fóònù òǹkàwé fúnra rẹ̀ dáná sè é. Àánú ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lágbára ń ṣe mí, tí yóò máa wo ojú funfun nẹ́nẹ́ títí kóòdù yóò fi wọlé tán, kí lẹ́tà kan ṣoṣo tó hàn. Ní 2016 ni Next.js, irinṣẹ́ tí a gbé ka orí React, dé, tí ó jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn oníṣẹ́ React láti tún gbé iṣẹ́ náà fún sáfà.