Orúkọ Ìlú Lórí Máàpù Ilẹ̀

Ní 1962 ni ìwé Smyth àti Montgomery jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Kòtò ni a fi ń yẹ ilẹ̀ wò, ṣùgbọ́n máàpù kò lè gba ọ̀rọ̀ gbogbo kòtò. Nítorí náà, wọ́n kó àwọn ilẹ̀ tí òkúta kan náà bí pọ̀ sí ẹbí kan, wọ́n sì fi orúkọ ìlú pè é: Ìwó, Ẹgbẹ́dá, Oǹdó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ẹbí kan náà, amọ̀ lè wà lókè, kí yanrìn wà nísàlẹ̀. Kòkó tí a gbìn sórí yanrìn lè kú ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọ ní máàpù kíkà, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú.