Ojú Nìkan Kọ́ Ni Ènìyàn: Irin àti Òkúta Ìta Gbangba, láti Ifẹ̀ dé Yewa

Bí oníṣẹ́-ọnà bá fi irin àti òkúta ṣe ère ènìyàn tí kò lójú, tí kò nímú, tó sì gbé e sí gbangba, ẹjọ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń dá a: pé kò jọ ènìyàn, àti pé àṣà òyìnbó ni. Àpilẹ̀kọ yìí tako méjèèjì. Èrò mi ni pé igi ni àwọn baba wa fi ń wá ìrísí ènìyàn. Irin àti òkúta ìta, agbára àti ipò ni wọ́n ń fi hàn.

Kò yani lẹ́nu pé òṣùwọ̀n igi lágbára ní Yewa. Ní Ìlaró, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ, àti Kétu tó wà lódìkejì ààlà, ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a wà, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n fi igi gbẹ́ máa ń ní ilà ojú àti gèlè. Ará ìlú á sì mọ irú ẹni tí wọ́n ń yìn tàbí tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n orí yìí kì í dá dúró. Ìlù, orin àti aṣọ ló ń gbé e ró, bí eré bá sì tán, inú ilé ni wọ́n ń gbé e wọ̀.

Ní àwọn ìlú kan náà, ojúbọ Ògún wà níta: irin, òkúta àti màrìwò. Yangí Èṣù náà wà níbẹ̀, láìgbẹ́ ojú sí i, wọ́n sì ń ta epo sí i, wọ́n ń kí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ta ló bi yangí léèrè imú rẹ̀ rí?

Ifẹ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn jẹ́ òkúta akọ tó ga ju mítà 5 lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Akọni kan ló dúró fún, síbẹ̀ kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Ìdẹ̀nà, ère òkúta tó ti inú igbó Ọrẹ̀ ní Ifẹ̀ wá, ní ojú ní tirẹ̀, àmọ́ ìṣó irin ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀. Ní Dàhómì, tí ogun rẹ̀ da Yewa láàmú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ṣe ère irin Gu, òrìṣà irin àti ogun, fún ọba Glèlè. Akati Ekplékendo ni wọ́n ní ó rọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ ọnà púpọ̀. Ohun ìjà àti irinṣẹ́ tó dúró lórí rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó jẹ́. Àwọn ará Faransé kó o lọ ní 1894. Nígbà tó di ọdún 1992, Calixte àti Théodore Dakpogan, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Porto-Novo, fi àwókù mọ́tò ṣe ère òrìṣà fún àjọ̀dún Ouidah.

Ẹnì kan lè fi àwọn orí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, Ifẹ̀, ní 1938 já mi nírọ́: irin ṣáà ni, wọ́n sì jọ ènìyàn gidi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbà àti idẹ dídà ni ìwọ̀nyẹn, kì í ṣe irin rírọ. Ihò ọrùn àti etí irun wọn sì fi hàn pé wọ́n ń so nǹkan mọ́ wọn. Irin tí à ń sọ yàtọ̀ sí idẹ.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ gbé ère sí oríta Ìlaró tàbí Ayétòrò, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹni tó jọ. Iṣẹ́ wo ló dì mú, ọ̀nà wo ló kọjú sí, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ère tí kò lójú lè kùnà o, ṣùgbọ́n àìnípò ni yóò pa á, kì í ṣe àìnímú.