Nígbà Tí Ìbò Kò Bá Rí Bí A Ti Fẹ́

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti kan ìwọ náà rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Agosasa níhìn-ín, tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wá sí ilé mi ní ọjọ́ kejì tí a kéde èsì ìbò kan. Láti òwúrọ̀ ni ó ti tò sórí ìlà títí oòrùn fi kan àtàrí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dìbò fún kò wọlé. Ó fi káàdì ìdìbò rẹ̀ lé orí tábìlì mi, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi jù ú nù. N kò dìbò mọ́ láéláé.” N kò bá a wí. Mo bu omi fún un, nígbà tí ó sì mu ún tán, mo sọ ìtàn ọdún 1954 fún un, bí n óò ti sọ ọ́ fún ọ yìí.

Ní ìgbà náà, Ìbàdàn ni olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, abẹ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ Ẹ̀gbádò wà, èyí tí a ń pè ní Yewa lónìí. Action Group, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ni ó ń ṣe ìjọba. Ní ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ìmọ̀ràn kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ pé láti ọdún 1955, gbogbo ọmọ ni yóò máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu lásán kọ́ ilé. Ìjọba bu owó-orí tuntun lé àwọn ènìyàn, ibẹ̀ ni ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ń bèèrè pé, bí ọmọ òun bá lọ sí ilé-ìwé, ta ni yóò bá òun ro oko? N kò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Owó tí ó jáde nínú àpò rẹ̀ ni ó rí. Kò tíì rí ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ìparí ọdún 1954, a dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an, NCNC, Ẹgbẹ́ Alákùkọ, mú aṣojú 23. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú 18. Òfin ìjọba ọdún náà sì sọ pé ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní ẹkùn kan ni yóò yan mínísítà mẹ́ta láti ibẹ̀. Nítorí náà, Ẹgbẹ́ Alákùkọ ni ó yan ti Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Rò ó wò: àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ wọn ni wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé, “Ṣé wọn kò fẹ́? Kí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn wọn!”

Ṣùgbọ́n kí ni ìbò náà gbà lọ́wọ́ wọn? Ipò ní Èkó ni. Kò gba ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, kò sì gba àwọn olùkọ́ tí a ti ń kọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600. Ní ọdún 1955 wọ́n di 811,432. Jọ̀wọ́, tún iye náà kà. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí orí rẹ̀ láti kan etí òsì, kí olùkọ́ lè mọ̀ bí ó ti dàgbà tó. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ dìbò fún.

Olùkọ́ ni mo jẹ́, kò yẹ kí n purọ́ fún ọ: gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó dára. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà tó, kíláàsì sì kún àkúnya, títí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ Banjo ní ìparí ọdún 1960 láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, nígbà tí a dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú 48 nínú ọgọ́rin. Adégòkè Adélabú ti Ẹgbẹ́ Alákùkọ sì jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí alátakò, ó ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò. Iṣẹ́ ni èyí náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá mi lóhùn pé, “Bàbá, bí wọ́n bá jí ìbò náà ńkọ́?” Ìbéèrè rere ni. Wọ́n jí i ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1965. Inú bí àwọn ènìyàn, ó sì tọ́ kí ó bí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ènìyàn lára, wọ́n ń dáná sun wọ́n. Iná náà kò mọ olè yàtọ̀ sí aládùúgbò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, ó sì di ọdún 1979 kí a tó tún dìbò yan ìjọba àpapọ̀. Fún ọdún mẹ́tàlá, kò sí ẹni tí ó lè fi irú káàdì tí ó fẹ́ kí n bá òun jù nù yìí yan ìjọba àpapọ̀.

Mo wá bi í pé, “Ẹni tí o fẹ́ kí ó wọlé yìí, kí ni o fẹ́ kí ó ṣe?” Ó ní òrùlé kíláàsì kan ni, èyí tí ìjì ṣí. Mo ní, “Ṣé ìbò ti sọ pé kí o má kọ ìwé sí ẹni tí ó wọlé? Mélòó nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ni ó ṣì wà ní ìlú yìí?” Ó kà wọ́n lórí ìka: mọ́kànlá. Ó sì ní kí n fún òun ní bébà. Ọ̀sán pọ́n kí ó tó kọ ìwé náà tán, ó mú káàdì rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ wá àwọn mẹ́wàá tó kù kí wọ́n wá fọwọ́ sí i.