Láti Orí Ebè Dé Inú Kíláàsì: Ìtàn Ìdíwọ̀n Ojú Ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́

Ìfáàrà

Kí iléèwé tó dé Ọ̀yọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ebè díwọ̀n oko. Igba ebè ni wọ́n sábà fi ń ṣírò, nítorí pé igba jẹ́ òpó pàtàkì nínú ètò òǹkà Yorùbá. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901, fi hàn nínú ìwé The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé iye ebè tí ìwọ̀fà bá kọ ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ohun tí iléèwé mú wá

St. Andrew's College bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní 1896. Ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì ni ìwọ̀n iléèwé nígbà náà, kí mítà tó gbapò wọn. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé ebè kò dọ́gba: ilẹ̀ tí igba ebè iṣu gbà lè ju ti igba ebè kékeré lọ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kàn ní kí ọmọ há "òòró lọ́nà ìbú" sórí, ọmọ náà kò ní mọ ohun tí ó ń kà.

Ẹ̀rí láti Ifẹ̀

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ni wọ́n ṣe dáadáa jù.

Nínú kíláàsì

Kí olùkọ́ ya oko méjì sórí pátákó: ọ̀kan jẹ́ mítà 10 ní òòró àti 10 ní ìbú, èkejì jẹ́ 18 ní òòró àti 2 ní ìbú. Mítà 40 ni ọgbà tí yóò yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Kí àwọn ọmọ wá pín wọn sí ojú kéékèèké tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó, bí ẹni tí ó ń kọ ebè tí ó dọ́gba. Wọn yóò ka 100 nínú ti àkọ́kọ́, 36 péré nínú èkejì. Nígbà náà ni yóò yé wọn pé bí ọgbà ṣe gùn tó kọ́ ni ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti pé ìlà ebè lọ́nà iye ebè inú ìlà kan ni "òòró lọ́nà ìbú".

Àgbálọgbábọ̀

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìkọ́ni lè máa yí padà, ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ tí ó bá fi ebè ṣíde ẹ̀kọ́ yìí kò ní rán ọmọ ròde lọ́wọ́ òfo.