Oríkèé Iná: Láti Ìjọra dé Ọgbà

Nígbà tí a bá ń pìtàn iná ẹlẹ́tíríìkì ní ilẹ̀ wa, ẹnu wa kì í kúrò lára àwọn gómìnà, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, àti ìsédò Kàìnjì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òǹkàwé gbé ojú sókè wo àjà ilé. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn-àjò tí iná ti rìn, ó ku ibì kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ní gígùn, níbi tí wáyà ilé àti wáyà àtùpà gbé so mọ́ ara wọn. Bí ibẹ̀ bá dára, ilé mọ́lẹ̀. Bí kò bá dára, gbogbo agbára ìsédò kò lè ṣe é ní oore kan, àfi kí ó fi kún ewu rẹ̀. Okùn kì í já níbi tí ó gbé ki; ibi tí ó bá ti tín-ín-rín ni í ti í já. Ìtàn oríkèé kékeré yìí ni a fẹ́ sọ.

Ọdún 1879 ni Thomas Edison ní Amẹ́ríkà àti Joseph Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iná inú ìgò han àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1881, ìlú Godalming ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná fún ará ìlú. Kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́yìn èyí, ní 1896, tí ẹ̀rọ iná fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ọwọ́ ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọba, tí a ń pè ní P.W.D., ni ó wà. Ní 1923 ni a ṣí ilé ẹ̀rọ Ìjọra. Òfin ọdún 1950 dá E.C.N. sílẹ̀, ní 1972 a pa á pọ̀ mọ́ àjọ tí ń ṣe ìtọ́jú ìsédò, ó sì di NEPA, ní 2005 ó di PHCN, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fi pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ikeja Electric ni ó gba ìhà Ọgbà.

Kí ni Ọgbà nígbà tí iná kọ́kọ́ dé Èkó? Oko ni gbogbo agbègbè Ìkẹjà àti Agége nígbà náà. Ọdún 1896 yìí kan náà ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó lọ sí òkè, ó sì la ilẹ̀ wọ̀nyí kọjá. Obì àti kòkó Agége sì ń bá a lọ sí ọjà. Ní òpin àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ní 1962, Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ títí wọ́n fi dé Ọgbà àti òpópó Acme, àwọn òṣìṣẹ́ sì tẹ̀lé wọn. Ilé ń bí ilé, yàrá ń bí yàrá. Yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ iná tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oríkèé wáyà ṣe di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ibi tí obì ti ń so tẹ́lẹ̀ rí.

Oríṣi wáyà méjì ni ó ń pàdé lórí àjà. Èkíní ni wáyà gbọnrangandan, tí bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà; nítorí náà ó dára nínú ògiri, níbi tí ohunkóhun kì í gbé mì í. Èkejì ni wáyà onífọ́nrán, tí a fi ọ̀pọ̀ bàbà tín-ín-rín lọ́ pọ̀ bí okùn. Èyí rọ̀, ó sì lè mì láìṣẹ́. Nítorí náà òun ni a fi ń gbé àtùpà rọ̀. Ní ayé àtijọ́, wáyà inú ògiri pàápàá a máa jẹ́ onífọ́nrán: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀kan ní 3/.029, èyíinì ni fọ́nrán mẹ́ta, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 29 nínú 1000 íǹṣì. A fi òjé funfun bo bàbà náà, kí ìmí-ọjọ́ inú rọ́bà má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí ìwọ̀n mítà ní nǹkan bí ọdún 1970, wáyà ẹlẹ́yọ kan ni ó gba ipò rẹ̀ nínú ògiri ilé. Láti ìgbà náà ni ìpàdé líle àti rírọ̀ ti di ohun ojoojúmọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ tẹligíráàfù ni ó kọ́kọ́ mọ iyì oríkèé. Wọn a lọ́ orí wáyà méjì yí ara wọn ká, wọn a sì fi òjé jó o pọ̀. Ní 1914, William Marr ní Kánádà ṣe fìlà kékeré kan tí a ń lọ́ bo orí wáyà, tí kò béèrè òjé mọ́. Lẹ́yìn náà ni kọnẹ́tọ̀ onísúkúrù gbilẹ̀, àti èyí tí ó ń fi irin tí ń ta padà di wáyà mú.

Èéṣe tí oríkèé búburú fi ń jó? Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìfún-ara-ẹni yóò wà, ooru yóò sì mú. Bẹ́ẹ̀ ni iná ní ibi tí bàbà kò ti fara kan bàbà dáadáa. Gílóòbù 60 wáàtì lórí 240 fóòtì kò gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin áńpíà lọ, nítorí náà oríkèé tí kò dì lè pẹ́ kí àṣírí rẹ̀ tó tú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fa áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì láti ibẹ̀, áńpíà yóò ju mẹ́rin lọ, ooru oríkèé náà yóò sì di ìlọ́po tí ó ju 250 lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ti ń ṣe é. Èkíní, kí a pa súwíìṣì ńlá, kí a sì rí i pé jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì kò tún gba ẹ̀yìn mú iná wọlé. Lẹ́yìn náà kí a fi tẹ́sítà dán an wò. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀: pupa àti dúdú wà nínú ilé àtijọ́, àwọ̀ ilẹ̀ àti búlúù nínú èyí tí ó jẹ́ tuntun, ọwọ́ àìmọ̀ sì ti dà wọ́n pọ̀ nínú ilé púpọ̀. Èkejì, kí a bó awọ rọ́bà láì gé bàbà lára. Ẹ̀kẹta, kí a lọ́ àwọn fọ́nrán pọ̀, kí ọ̀kankan má yọ síta. Bí ó bá jẹ́ kọnẹ́tọ̀ onísúkúrù, kí a kì í bọ ihò dáadáa, kí a sì dè é ṣinṣin. Bí ó bá jẹ́ fìlà, kí wáyà onífọ́nrán gùn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó sì yí i ká. Kí a wá fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: èyí tí ó bá yọ kò dì. Kí bàbà má hàn síta, kí oríkèé wà nínú àpótí rẹ̀, kí a so wáyà ilẹ̀ mọ́ àtùpà onírin, kí ìwúwo àtùpà má sì rọ̀ mọ́ wáyà.

Ohun méjì ni kí a sá fún. Ọ̀kan ni lílọ́ wáyà méjì pẹ̀lú ọwọ́ lásán kí a sì fi téèpù bò ó, nítorí ooru a máa mú kí téèpù tú. Èkejì ni fífi òjé jó orí fọ́nrán kí a tó fi súkúrù dè é. Ó dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n òjé rọ̀. Lábẹ́ súkúrù ó ń sá díẹ̀díẹ̀, ìdè a sì dẹ̀.

Nínú ilé alágbàálá ti Ọgbà, níbi tí ìdílé mẹ́wàá lè wà lábẹ́ òrùlé kan, àìṣe-dáadáa ẹnìkan kì í mọ sí yàrá tirẹ̀. Ẹni tí ó so oríkèé lè ti lọ kí ooru tó mú. Ọmọ tí ó sùn lábẹ́ àjà ni yóò wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́ ọmọ pé iṣẹ́ tí ojú ènìyàn kò tó ni a fi ń mọ ọmọlúàbí láàrin oníṣẹ́.